Pláásà Ti Lórúkọ, Ta Ló Wolé?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní Kabba tòní, orúkọ là ń kọ́kọ́ sọ. Bíríkìlà ò tíì jáde nínú ìpìlẹ̀ tí bọ́ọ̀dù á ti nàró sẹ́bàá títì: pláásà kan rèé, complex kan nìyí, mega mall kan tí kò ju ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin lọ. Bí àlejò bá ń ka bọ́ọ̀dù láti ọ̀nà Lọ́kọ́jà títí dé ọ̀nà Òmùò, á rò pé Dubai lòun wà.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọ̀kan. Iwájú rẹ̀, gíláàsì ni láti òkè délẹ̀, wọ́n sì fi àlùmíníọ́mù tó ń dán yí i ká. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà á gba inú gíláàsì wọlé, kò ní ríbi jáde, torí fèrèsé kankan ò ṣí. Ẹ̀rọ amúlétutù wà, iná ló kù. Bàbá àgbà tó fi amọ̀ kọ́lé fún wa ò rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣíji bo ògiri. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́nu àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn ọ̀hún sì tóóró débi pé bí ìyá aláṣọ bá ru ẹrù ń gòkè bọ̀, ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní láti padà sẹ́yìn. Ọ̀nà kejì ò sí. Wọ́n ti da kọnkéré lé gọ́tà kí oníbàárà lè ríbi gbé mọ́tò sí, òjò sì ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Ó wà nínú pláànù. Àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀, páálí ọjà ló kún inú rẹ̀.

Kì í ṣe simẹ́ńtì ló wọ́n wa. Obajana tí Dangote ti ń ṣe simẹ́ńtì kò jìnnà sí wa, ọ̀nà kọnkéré tí wọ́n là láti ibẹ̀ wá sí Kabba sì lé ní kìlómítà 40. Òfin náà ò wọ́n. Láti 1992 ni ìjọba ológun ti gbé Dìkírì 88 jáde pé kí ẹnikẹ́ni gba àṣẹ kó tó kọ́lé. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Ní 2006, ìwé ìlànà ilé kíkọ́ fún gbogbo Nàìjíríà jáde. Ìwé òfin 1999 sì fi ọjà, ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abuja ní ti Lọ́kọ́jà ni, Lọ́kọ́jà ń wo káńsù, káńsù ń wo rìsíìtì.

Láyé wolé-wolé, ọkùnrin náà á wọ ẹ̀yìnkùlé, á yẹ ṣáláńgá wò, á bẹ̀rẹ̀ wá tanwíjí nínú àmù. A sá fún un, a bú u lẹ́yìn, àmọ́ ó wo ilé. Ti òde òní, kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ló ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé kí iṣẹ́ dúró. Lánlọ́ọ̀dù á lọ rí wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, àlùmíníọ́mù á bo ọ̀dà náà mọ́lẹ̀.

Àlùmíníọ́mù yẹn náà lọ́rọ̀ nínú. Ní London, lọ́jọ́ 14 oṣù Òkúdu 2017, irú rẹ̀ tó ní ike láàrin ló gbé iná ká ara Grenfell Tower. Ènìyàn 72 ló kú. Ta ló ti bi oníṣòwò léèrè ohun tó wà láàrin tiwa? Ní Ìkòyí, lọ́jọ́ 1 oṣù Bélú 2021, ilé kan tí orúkọ rẹ̀ dùn gbọ́, 360 Degrees Towers, wó pa ènìyàn tó lé ní 40. Ìjọba Èkó ní àjà 15 làwọn fọwọ́ sí. 21 ni wọ́n kọ́.

Ẹnìkan á ní Kabba ò ní ilé alájà 21. Òótọ́ ni. Àtẹ̀gùn ni tiwa. Òfin tí Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti la ọ̀nà fún aláàbọ̀ ara. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024 ni ọdún náà pé. Síbẹ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ṣì ń dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ké sókè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyá alátíkè wá." Lánlọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ á ní, "Ẹni tí ò lè gòkè, kí ló fẹ́ rà lókè?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, owó ọdún méjì kì í ṣe owó kékeré. Kẹ́ ẹ tó kà á sílẹ̀, ẹ ní kí lánlọ́ọ̀dù fi ìwé àṣẹ hàn yín, ẹ ní kó fi ọ̀nà kejì hàn yín, kẹ́ ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní páálí ló wà níbẹ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.