Jókòó Bí Ọba, Jẹun Bí Alágbàro

"Ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kí o lè jẹun bí ọba," ni àwọn àgbà wí. Apá méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní, ṣùgbọ́n àwa ti òde òní ṣe é bí ẹni ń ṣa ẹran nínú ọbẹ̀: a mú jíjẹ, a fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ wo Tẹ̀dé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo ní Òkè-Ògùn. Ilẹ̀ iṣu ni, ilẹ̀ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ ní ìdájí, tó kọ ebè títí oòrùn fi wọ̀, tó wá jókòó ti odindi àwo iyán, ta ni yóò bá a wí? Ọmọ rẹ̀ tó kàwé, tó di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ìjọba, ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀kadà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Bó bá fẹ́ fáìlì, mẹ́séńjà ni yóò lọ mú un wá. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò rán lọ ra omi tútù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ọ̀kadà a tún gbé e padà sílé, ó di ìdí tẹlifíṣọ̀n. Síbẹ̀, iyán tí bàbá rẹ̀ ń jẹ lẹ́yìn igba ebè lòun náà ń béèrè. "Ìyá Ìbejì, bá mi fi díẹ̀ kún un jàre."

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀gá wa gun òṣùwọ̀n. Ọmọ ọdún 45 ni, ó wọn kìlógíráàmù 90, gíga rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 170. Ìlànà Mifflin àti St Jeor fún ṣíṣírò okun tí ara ń ná, tó jáde lọ́dún 1990, ní ká wá ìlọ́po 10 ìwọ̀n ara rẹ̀, ká ro ó pọ̀ mọ́ ìlọ́po 6.25 gíga rẹ̀, ká yọ ìlọ́po 5 ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò, ká wá fi 5 kún un. Bó bá ṣe obìnrin ni, ẹ yọ 161 dípò kí ẹ fi 5 kún un. Ohun tó jáde fún ọ̀gá wa jẹ́ nǹkan bíi kálórì 1,740. Ìyẹn ni ara rẹ̀ yóò ná lójúmọ́ bó tilẹ̀ sùn gbalaja láìmira: owó èémí, owó ọkàn tó ń lù, owó ọpọlọ. Nítorí pé ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2, ó di 2,090. Bó bá jẹ́ pé ọkọ́ ló ń fi ṣiṣẹ́ àṣelàágùn látàárọ̀ ni, ìlọ́po 1.9 ni, yóò sì lé ní 3,300. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, bíi kálórì 1,200, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù iyán kan gbáko. Ebè ló ń jẹ iyán yẹn nígbà ayé bàbá. Nísinsìnyí tí ebè ti tán, ikùn ló gbà á sílé.

Nígbà tí ṣòkòtò kọ̀ tí kò pàdé mọ́, ọ̀gá wa ra àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá dànù. Ilé ìgbẹ́ ni àgbo náà sọ di ọ́fíìsì rẹ̀ kejì. Omi ló jáde; ọ̀rá kò mira. Ó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń rìn káàkiri ìlú láàárọ̀ Sátidé. Wákàtí kan gbáko ló rìn, ìyẹn bíi kálórì 300 fún ẹni tó tóbi tó o. Kí òógùn tó gbẹ, ó ti mu ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, bíi kálórì 200, ó sì fi àkàrà tó mu epo yó gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣíbí ìjẹun epo kan ṣoṣo, bíi 120 ni. Ó padà sílé pẹ̀lú èrè.

Ẹnìkan lè ní, "Kí n ṣáà máa rìn, kí n máa jẹ bó ṣe wù mí." Àwọn olùwádìí ti yẹ èyí wò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí. Wọ́n wọn okun tí ara àwọn obìnrin ń ná ní Igbó-Ọrà àti agbègbè rẹ̀, wọ́n sì wọn ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, nítòsí Chicago. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008 àti 2009, àwọn ti Amẹ́ríkà sanra ju tiwa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò ìyàtọ̀ ìtóbi ara mọ́ ọn, okun tí àwọn méjèèjì ń ná sórí iṣẹ́ àti ìrìn kò yàtọ̀. Ẹnu ni ká kọ́kọ́ fura sí. Ìrìn dára fún ọkàn, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnu sáré.

Kí ọ̀gá wa fi ebi pa ara rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó gbààwẹ̀ tipátipá láti Mọ́ńdè yóò san gbèsè rẹ̀ nídìí ìsìnkú àgbà ní Sátidé. Kó yọ 500 nínú 2,090 rẹ̀, kó máa jẹ bíi 1,590. Ọ̀rá kìlógíráàmù kan tó kálórì 7,700, nítorí náà ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ààbọ̀ kìlógíráàmù nù lọ́sẹ̀ kan. Kò ní máa yá bẹ́ẹ̀ títí: bó bá dé 80, ohun tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́ á ti lọ sílẹ̀ sí bíi 1,970, àfi kó tún ìṣirò ṣe. Kó gé iyán sí ìdajì, kó bu ẹ̀fọ́ sí i, kó jẹ ẹ̀wà àti ẹja, kó sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ṣíbí wọn epo dípò kí wọ́n máa da ìgò kodò. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí tó lóyún, kó kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀.

Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé àwa tí a ń pariwo jíjẹ bí ọba kò mọ bí ọba ṣe ń jẹun. Èèwọ̀ ni fún ọba ilẹ̀ Yorùbá kó máa jẹun ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun bí ọba, kó lọ sí òde, kó kí olóde, kó náwó fún onílù, kó sì padà sílé láìfọwọ́ kan àwo. Àwa ńkọ́? Abẹ́ kánópì ni a ti ń jẹ ìrẹsì, kí àmàlà tó dé, kí ẹran tó tẹ̀ lé e, a sì tún ń bi olóúnjẹ bóyá mọ́ínmọ́ín ṣẹ́kù. Bí ìyàwó bá sọ̀rọ̀, a ó ní ọ̀fẹ́ ni. Kálórì kì í béèrè ẹni tó sanwó.