Kì Í Ṣe Ọmọńlé

Ọmọńlé ni ọkùnrin yìí kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Lóru ọjọ́ kan n'Ìbàdàn, ó ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nítòsí tábìlì rẹ̀, ló bá fa ìgbálẹ̀ yọ, ó na ògiri títí ọ̀dà fi ń bó. Ọmọńlé sá lọ, kọ́-kọ́-kọ́ kò dákẹ́. Inú láptọ́ọ̀pù ló ti ń dún. (Mò ń pè é ní "ọkùnrin yìí" nítorí ojú ń tì mí. Èmi ni.)

Dísìkì olóyìípo ló wà nínú láptọ́ọ̀pù náà. Nínú irú rẹ̀, àwo pẹlẹbẹ kan máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á á sì máa fò lókè rẹ̀ láì fara kàn án. Irun orí kan ṣoṣo nípọn ju àlàfo àárín wọn lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Bí orí náà bá ń wá ọ̀nà tí kò rí i, á padà sẹ́yìn, á tún gbìyànjú: kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìró yẹn, kó pa ẹ̀rọ náà, kó má tàn án mọ́.

Ẹ̀ẹ̀meje ló pa á, ẹ̀ẹ̀meje ló tún tàn án.

Nígbà kẹjọ, Windows bi í bóyá kóun yẹ dísìkì náà wò. Ó ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò mọ̀ pé chkdsk, ètò tí Windows fi ń yẹ dísìkì wò, kì í gba fáìlì là. Ètò àkọsílẹ̀ dísìkì ló ń tò, ó sì lè gé ohun tí kò bá yé e dànù. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló fi lé aláìsàn sáré yíká pápá.

Ọ̀rẹ́ kan ló wá dábàá fìrísà. Ìtàn àtijọ́ ni láàárín àwọn ará kọ̀ǹpútà: wọ́n ní òtútù á sún irin kì, orí tó bá lẹ̀ mọ́ àwo á sì bọ́. Wọn kì í sọ pé dísìkì ní ihò kékeré tó fi ń mí. Ẹ gbé nǹkan tútù jáde sínú ooru Ìbàdàn, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń làágùn bí ìgò ọtí. Ó fi ọ̀rá méjì di tiẹ̀, ó tẹ́ ẹ sáàárín ẹja pánla. NEPA mú iná lọ lóru. Nígbà tó jí, ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹja àti dísìkì sínú abọ́ omi, kí yìnyín ara wọn lè yọ́.

"Bàbá Ìbejì, ẹran wo rèé?"

Ó gbé dísìkì náà lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Ìkẹjà, ní Computer Village. Ọmọ náà gbóòórùn ẹja lára rẹ̀. "Dádì, ṣé kì í ṣe pé ẹ gbé e sínú fìrísà?" Dádì ní rárá o.

Ọmọ náà ò tún nǹkan kan ṣe lórí dísìkì náà. ddrescue ló lò, ètò ọ̀fẹ́ tí Antonio Diaz Diaz kọ. Ibi tó ṣì ṣe é kà ló ń kọ́kọ́ kó sórí dísìkì mìíràn, ó ń sàmì síbi tó bà jẹ́, ìgbẹ̀yìn ló ń padà lọ bá a jà, bí ẹni tó ń kó ẹrù jáde nílé tó ń jó. Ọjọ́ méjì ló gbà á.

"Ṣé ẹ ní ẹ̀dà níbòmíràn, Dádì?"

Ní 1998, ẹnì kan ní Pixar fi àṣẹ kan pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì fíìmù Toy Story 2 rẹ́, ẹ̀dà ìpamọ́ wọn ò sì ṣiṣẹ́. Èyí tó wà nílé Galyn Susman, tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ torí ọmọ tuntun, ló yọ wọ́n. Ọkùnrin yìí náà ní ẹ̀dà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ṣe é, kò jẹ́ gbàgbé. Inú fódà kan tó pè ní Ìpamọ́ ló ń kó o sí, lórí láptọ́ọ̀pù kan náà.

Ọmọ náà wò ó títí, kò sọ̀rọ̀.

Ó wá fi PhotoRec wá inú ẹ̀dà tí ddrescue gbà sílẹ̀. PhotoRec kì í wo orúkọ fáìlì, bí fáìlì ṣe bẹ̀rẹ̀ ló fi ń dá a mọ̀, nítorí náà gbogbo wọn jáde láìlórúkọ, nọ́ńbà ràgàjì lára wọn. Kì í sì í bèèrè ẹni tó ni ín. Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù yìí, láti Lọ́ńdọ̀nù. Orí kẹta ìwé tó ti ń kọ látọdún méjì kò padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ó ti ní àwòrán 40 báyìí, ajá funfun kan nínú yìnyín, tó wọ fìlà ọjọ́ ìbí.