Itọ́ Inú Garawa

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò bá Alimosho Èkó òde òní pàdé ni. Láyé tiwọn, ọ̀lẹ tó bá fi itọ́ mọlé, àṣírí rẹ̀ kì í pẹ́ tú: alẹ́ lẹ́, ìrì sẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ilé wó, ará àdúgbò rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ya ilé kan tó bá wù yín ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bùlọ́ọ̀kù íǹṣì 9 ni wọ́n fi mọ ọ́n, irin inú òpó rẹ̀ tó gbé alájà mẹ́rin, géètì rẹ̀ ń dán yinrin, táìsì sì ti ìloro dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ní rí ẹ̀kán itọ́ kan ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ padà wá ní oṣù Òkúdù, lọ́jọ́ tí òjò bá ti ń rọ̀ láti ìdájí. Bàsíà kan wà lórí àga ìjókòó, ìkòkò ọbẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì sápá kan, ọmọ kan sì dúró ti páìlì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa dà á nù bó bá ti ń kún. A ti jáwọ́ nínú fífi itọ́ mọlé. Òrùlé la tọ́jú itọ́ wa dè.

Inú garawa ni wọ́n ń ta itọ́ ayé ìsinsìnyí sí. Ẹ gba ọ̀nà ọjà Ìkòtún, níbi tí àwọn tó ń ta ìṣó, páìpù àti ọ̀dà pàtẹ sí, ẹ óò bá a níbẹ̀: ọ̀dà tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sórí òrùlé tó ń jò, funfun wà, eléérú wà, dúdú wà. Ẹni tó ń tà á ò gun òrùlé rí láyé ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ná.

“Alhaji, ẹ kàn máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ni. Ó parí!”

“Ṣé kò ní jò mọ́?”

“Láéláé, sà. Òyìnbó ló ṣe é.”

“Ojú ọ̀run ti ṣú yìí ńkọ́? Ṣé mo lè kùn ún lónìí?”

“Òjò gan-an ló ń jẹ́ kó mú dáadáa, sà.”

Mi ò bú ọ̀dà náà o. Ọmọlúàbí ni, gbogbo ohun tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe ló wà lára garawa rẹ̀ gbangba. Èyí dúdú, ẹbí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sójú títì ni. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan gan-an, àmọ́ bí oòrùn Èkó bá ti ń sá a lójoojúmọ́, á le, á sì sán. Èyí funfun, omi ni wọ́n fi pò ó. Bí omi náà bá ti gbẹ kúrò, awọ tó ṣeé fà ló máa ń kù sórí páànù, ó sì ń dá oòrùn padà. Àwọn méjèèjì máa ń dí ojú ìṣó, wọ́n ń dí ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn, wọ́n ń dí ojú sísán tín-ínrín lórí dẹ́kìn. Wọn ò lè sọ páànù tó ti jẹrà di ọ̀tun, wọn ò sì lè gbé igi òrùlé tó ti wọ́ dìde. Èyí funfun kò tilẹ̀ fẹ́ràn adágún omi rárá: bí omi bá dúró lé e lórí fún ọjọ́ mélòó kan, á rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa kò sì pọ̀. Ká fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tó ti dógùn-ún, ká fọ̀ ọ́, ká jẹ́ kó gbẹ. Ká kun ọwọ́ kìíní, ká tẹ́ aṣọ alásẹ́ lé e nígbà tó ṣì tutù, ká kun ọwọ́ kejì bò ó. Ká wá fún un ní ọjọ́ kan gbáko tí òjò ò ní kàn án. Ta ló ń ka ìyẹn? Ìgbà tí ọ̀dà bá tán, tí a gbé garawa òfìfo sábẹ́ ibi tó ṣì ń jò, ìgbà náà ni ọmọ ilé á lóṣòó tì í, á máa ka àlàyé náà sókè ketekete, tí ẹ̀kán omi á sì máa bọ́ sínú rẹ̀, tó, tó, tó.

Láti oṣù Bélú títí di Èrèlé, òjò ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Páànù gbẹ, káfíńtà ń wá iṣẹ́, àkàbà ò yọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé òun ní òrùlé, nítorí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ilé tó ń jò àti ilé tí kò jò, ọgbọọgba ni wọ́n. Òjò ńlá àkọ́kọ́ á wá fi ìjì wọlé nínú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, gbogbo ayé á já lọ Ìkòtún. Àárín òjò méjì la ti ń gun òkè lọ́sàn-án Sátidé, pẹ̀lú páànù tó ṣì tutù. Ẹni tó ti gbé nítòsí ààtàn Solous ní Ìgandò sì mọ irú nǹkan tó ń bà lé páànù láàárín ọdún kan: èéfín, eérú, àti eruku ọyẹ́ tó tún gùn ún. Orí gbogbo ìyẹn la ń kun ọ̀dà sí. Eruku ni ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́, páànù ò gbọ́ sí i. Àtíkè lójú tí a ò bọ̀ ni. Kó tó pé oṣù kan, ẹ óò rí i tó ń ṣí ní èèpo èèpo, ẹni tó kùn ún á sì búra pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣó kan ṣoṣo. Ìṣó yìí di páànù alumíníọ́mù kan mú mọ́ igi. Páànù náà gùn ní mítà 6. Láti ìdájí tí ara rẹ̀ tutù títí dé ọ̀sán gangan tí ẹ ò lè fọwọ́ kàn án, ooru ara rẹ̀ lè fi ìwọ̀n 40 gòkè, bó bá sì gòkè tó bẹ́ẹ̀, páànù náà á gùn sí i ní bíi mìlímítà 5 àti ààbọ̀. Lálẹ́, á tún sún kì. Ìṣó ò lọ síbì kankan, igi ló wà. Páànù ló ń lọ tó ń bọ̀ lára rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé, tí ihò tó rí kíríbítí lọ́jọ́ tí káfíńtà lù ú fi gùn gbọọrọ. Rọ́bà kékeré tó wà lábẹ́ orí ìṣó ti gbẹ, ó ti là. Bí káfíńtà náà bá sì jẹ́ irú àwọn tó ń kánjú lọ sóde ìnáwó, á ti kan ìṣó sínú kòtò páànù, níbi tí omi ń gbà kọjá, dípò orí gegele rẹ̀. Ẹ̀yin wá da ọ̀dà lé gbogbo rẹ̀ lórí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbọnwọ́. Ká yọ ìṣó náà, ká fi tuntun tó ní rọ́bà síbẹ̀, kí a tó kùn ún, owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìṣó kì í jẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀ pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ lórí ilé rẹ̀. Ọ̀dà funfun, wọ́n ń rí i láti òpópónà.

Omi kì í sì í bọ́ síbi tó gbà wọlé. Ó lè gba ojú ìṣó kan lókè yàrá ìyá wọlé, kó yọ́ gba abẹ́ páànù, kó bá igi òrùlé rìn, kó tó wá já sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orísun rẹ̀, kó wọ inú àjà lọ nígbà tí òjò ń rọ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, kó sàmì sí i. Bí òjò ò bá sí, kí ẹnì kan máa fi rọ́bà omi rin òrùlé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnì kejì wà nínú ilé, kó máa wòkè. Tiwa kọ́ nìyẹn. Ibi tí sílíìnì ti pọ́n la ń wò, òkè rẹ̀ tààrà la ń kùn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí òrùlé ò kàn rárá: POP ni wọ́n ń fi ọ̀dà funfun kùn, kí àlejò ọjọ́ Àìkú má bàa rí àbàwọ́n. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, wọ́n sì ń kí àlejò káàbọ̀.

Ẹ má sì rò pé òrùlé àwọn tó pa òwe itọ́ kì í jò. Koríko ni! Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní ọdún kan tí wọ́n ń pè ní ọdún Bẹẹrẹ, Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Láyé ìgbà náà, ọdọọdún ni wọ́n ń ru koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, kì í ṣe ìgbà tí omi bá ti ń kán sí Káábíyèsí lágbárí. Ọba tí ayé ń dọ̀bálẹ̀ fún gbà pé òrùlé òun ń gbó, ó gbà á ní gbangba, ó sì fi ìlù sí i. Ní Alimosho, a mọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a mọ ọjọ́ ìsìnkú, a mọ ogójì ọjọ́, aṣọ ẹbí wà fún gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti rán aṣọ ẹbí fún páànù.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti kọjá ìmẹ́lẹ́, ó ti di fáàrí. Àwọn ilé tuntun tó ń jáde láti Akowonjo títí dé Ìsherì kì í fẹ́ kí a rí òrùlé wọn mọ́. Wọ́n á mọ ògiri ga yí i ká, párápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, páànù á sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, omi òjò á máa wọ́ jọ sínú gọ́tà oníkankéré tó wà láàárín wọn, páìpù kan tàbí méjì ni á sì máa gbé e jáde. Ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún lè gba irú àrà bẹ́ẹ̀. Èkó ń gba òjò tó ń lọ sí mìlímítà 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dún. Ẹyọ ọ̀rá ‘piọ́ wọ́tà’ kan ti tó láti dí ẹnu páìpù. Gọ́tà á di odò, odò á wá ojú sísán, ojú sísán á já sí yàrá lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ọ̀dà funfun tó kórìíra adágún omi la ó sì tún gbé lọ kun ìsàlẹ̀ odò náà. Baba tó fi koríko bolé jẹ́ kí òrùlé rẹ̀ yọ kọjá ògiri, kí omi lè já jìnnà. Òun la ní kò lajú.

Ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ní 2006 sọ pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé Alimosho. Ìjọba Èkó ka tiẹ̀, ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 2. Iye yòówù kí wọ́n jẹ́, ayálégbé pọ̀ nínú wọn, eji ò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́. Òfin Èkó ti 2011 lórí ilé yíyá sọ pé lándílọ́ọ̀dù ló ni àtúnṣe ìta ilé. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Apapa àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Alimosho. Òrùlé sì ti wà níta ilé láti ìgbà tí ilé ti wà.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Bàbá. Yàrá wa tún ti ń jò o.”

“Ẹ gbé nǹkan sí i.”

“A ti gbé nǹkan sí i, sà. Nǹkan náà ti kún.”

“Ẹ dà á nù. Ṣé òjò á máa rọ̀ títí láé ni?”

Ayálégbé ò dárúkọ òfin, ó mọ iye tí ilé mìíràn ń lọ. Nígbà tí òjò sinmi díẹ̀ nínú oṣù Ògún, ó fi owó ara rẹ̀ ra garawa kan, ó pe káfíńtà tó mọ iṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ìṣó, wọ́n ha ìpẹtà, wọ́n fọ páànù, wọ́n tẹ́ aṣọ alásẹ́, wọ́n kun ọwọ́ méjì, oòrùn sá a. Ọ̀wàrà dé, ó lọ, ẹ̀kán kan ò bọ́. Nínú oṣù Ọ̀pẹ ni ìwé kan wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn: “A fi àkókò yìí sọ fún yín pé, nítorí àtúnṣe ńlá tó bá òrùlé ilé yìí, owó ilé yóò gòkè láti oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè san án, ká lè rí owó káfíńtà san.”