Bí Gábúrẹ́lì Ṣe Di Pupa: Iná Oníbátìrì Lára Aṣọ Eré

Iná oníbátìrì ti pẹ́ lára aṣọ eré. Ní 1882, ní gbọ̀ngàn Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù, díẹ̀ lára àwọn òṣèré tó ṣe iwin nínú eré Iolanthe gbé bátìrì sára, gílóòbù kéékèèké sì ń tàn lórí wọn. LED, ìyẹn hóró iná kéékèèké, ti gba ipò gílóòbù báyìí, ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà wà náà ló ṣì wà. Iná kò wúwo, bátìrì ló wúwo. Ìtàgé kì í jó, òṣèré ló ń jó.

Irú tó pọ̀ jù lọ́jà ni okùn iná pẹlẹbẹ tó ń lo volt 12. Hóró kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù nínú. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tàn pọ̀, funfun lojú ń rí. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n to hóró wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn hóró mẹ́ta-mẹ́ta ni àmì ibi tí a ti lè gé e máa ń wà. Pupa kan ń fẹ́ bíi volt 2, búlúù ń fẹ́ bíi 3. Pupa mẹ́ta ń fẹ́ 6, búlúù mẹ́ta ń fẹ́ 9 ó lé. Kí òǹkàwé má gbàgbé ìṣirò yìí, òun ló dójú ti òǹkọ̀wé.

Mítà kan tó ní hóró 60 ń jẹ bíi watt 14 bó bá tan funfun tán pátá. Bátìrì AA mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ volt 1.5, ló ń di volt 12. Lórí ìwé, ó pé. Ṣùgbọ́n AA kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ pẹ́: bí a bá ń fa iná púpọ̀ lára rẹ̀, volt rẹ̀ á máa já wálẹ̀. Ọlọ́jà kò ní sọ èyí. Àwọn tó ń tẹ irọ́ sára bátìrì ló tilẹ̀ ń bí ni nínú jù. Ojúlówó bátìrì 18650, irú tó ṣeé ṣáájì, kì í sábà gba iná ju mAh 3500 lọ, síbẹ̀ èyí tí wọ́n tẹ “9900” sí lára kún orí àtẹ. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, ẹni tó ń tà á mọ̀, télọ̀ nìkan ni kò mọ̀.

Ibi tí wáyà ti so mọ́ okùn iná ló máa ń kọ́kọ́ já, pàápàá ní igunpá àti abíyá. Lẹ́yìn tí a bá ti fi òjé jó o, kí a rán wáyà náà mọ́ aṣọ nítòsí ibẹ̀, kó jẹ́ pé aṣọ ni yóò máa gba fífà, kì í ṣe òjé. Ìbàdí ni ààyè bátìrì. Kí a fi ọ̀rá bò ó, nítorí òógùn ní iyọ̀ nínú, iná sì ń gba inú omi iyọ̀ kọjá.

Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí gba iṣẹ́ aṣọ áńgẹ́lì fún eré Kérésìmesì ṣọ́ọ̀ṣì kan, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa iná ni pé ó ń tàn. Ó rán mítà méjì mọ́ ìyẹ́ Gábúrẹ́lì, ó kó AA mẹ́jọ sí àpò ìbàdí. Ó tàn án wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó pa á, ó lọ sùn.

Lálẹ́ eré, akọrin fa orin gùn. Gábúrẹ́lì dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú iná lára. Nígbà tó jáde, funfun ti ń di àwọ̀ ọsàn. Búlúù kú, àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, nítorí volt ti já sísàlẹ̀ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Pupa tí kò béèrè púpọ̀ ló kù. Áńgẹ́lì Olúwa dúró, ó pọ́n yòò bí ẹ̀yinná, ó ní kí Màríà má fòyà. Màríà fòyà. Ìyá àgbà kan níwájú ké “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”, àwọn ìyá ìjọ sì gbè é.

Rìmóòtù tó ń yí àwọ̀ iná náà padà wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ni rìmóòtù yìí ń tàn, kì í sì í la aṣọ tó nípọn kọjá. Ó gbọ́dọ̀ rí ojú dúdú kékeré tó ń gbà á. Ojú dúdú yẹn ni òǹkọ̀wé ti rán sábẹ́ láínìn, nísàlẹ̀ ìbàdí, kó má ba ẹwà aṣọ jẹ́. Ó rákò jáde látẹ̀yìn ibùjẹ ẹran tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ de ìran tó kàn, ó ká aṣọ áńgẹ́lì sókè lẹ́yìn, ó na rìmóòtù sí i nídìí, ó ń tẹ funfun. Kò sí bọ́tìnnì tó lè fún bátìrì ní ohun tí kò ní. Gábúrẹ́lì, tí kò mọ ẹni tó wà lẹ́yìn òun, yíjú padà, ó sì fọ́ ọ létí.

Okùn iná oní-volt 5 àti power bank ló yẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Power bank ń gbé volt 5 rẹ̀ dúró títí yóò fi tán, àwọ̀ kò sì ní yí. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ara wọn bí iná tí à ń fà bá kéré jù. Kí a tan aṣọ náà fún gbogbo àkókò tí eré yóò gbà kó tó dọjọ́ eré gan-an. Bó bá jẹ́ AA lẹ lò, tí eré sì parí, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó ká aṣọ sí àpótí, torí ó máa ń jò, omi rẹ̀ á sì jẹ aṣọ.