Oríkì Baba Lórí-Tèmi-Ó-Ń-Ṣiṣẹ́

Ẹ yàgò lọ́nà, ọ̀gá ń bọ̀!
Àkànó, baba Lórí-Tèmi-Ó-Ń-Ṣiṣẹ́!
Sẹ́fà dákú, oníbàárà ń pariwo,
O ní lórí laptop tìrẹ, ó ń ṣiṣẹ́.
Àgbà awo kọ̀ǹpútà tí í wọ ọ́fíìsì Tánkẹ̀ láago mọ́kànlá,
Tí í bi ẹni tó dé láago mẹ́jọ pé kí ló ti ń ṣe látàárọ̀.
Bó bá dára, “èmi” ni. Bó bá bàjẹ́, “ẹ̀yin ọmọ yìí” ni.
Òkúta tí wọ́n ní Òjó fi ń lọ irin n'Ílọrin, ní Ìdí-Àpẹ́,
Ẹnu tìrẹ kò dé ibẹ̀ kó tó mú.

(Lọ́fíìsì, “ẹ” ni mo ń pè é o. Oríkì ni kò mọ àgbà.)

Ọjọ́ tí hìjáàbù ₦5,000 ń lọ ní ₦50 lórí ìkànnì wa ńkọ́? Kọ́bọ̀ ni Paystack, tó ń bá wa gba owó, ń kà, ẹnì kan ló fi iye náírà ránṣẹ́ láì kọ́kọ́ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. O gbá tábìlì. O ní iṣẹ́ ọwọ́ àgùnbánirọ̀ wa ni, o ní ìdí tó o fi ní ká má gba irú wọn nìyẹn. Ọmọ náà kò fèsì. Ó tẹ git blame, àṣẹ tí í fi orúkọ ẹni tó yí ìlà kọ̀ọ̀kan gbẹ̀yìn hàn, tọjọ́ taago, ó sì rọra yí ojú laptop sí ọ. Orúkọ tó wà níbẹ̀, n kò ní dá a. O wò ó, o wúkọ́, o ní ọmọ ayé òde òní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Akin tí git blame kò dójú tì!
Linus Torvalds, ọmọ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, òun náà ló ṣe Git ní 2005. Ẹnu rẹ̀ burú títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó wá tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láti lọ wá ìrànlọ́wọ́ lórí ìwà rẹ̀.
Àkànó, o kò ṣe Linux, o kò ṣe Git,
Ẹnu Linus nìkan lo mú níbẹ̀.
Ti àforíjì yẹn, ó jọ pé nẹ́tíwọọ̀kì kò gbé e dé Kwara.

Ìwọ lo sọ wá di akọ̀wé. Bó o bá ti ń gbé ohùn sókè lórí kóòdù wa, a ó ní, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sábẹ́ kóòdù náà.” Ìbínú tí ì bá gba wákàtí kan, bó bá di kíkọ, kì í ju “Ẹ yí orúkọ variable yìí padà” lọ. A ó yí i. Àgùnbánirọ̀ tí í lọ sunkún lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ wàrà níwájú rẹ báyìí, ó tún ń fi lọ̀ ọ́.

Ká ní olórin dàdàkúàdà ló kì ọ́ tó báyìí, ò bá ti máa lẹ owó mọ́ ọn lórí. Èmi kò gba owó. Kóòdù mi ti ń dúró dè ọ́ láti Àlàmísì. Bá mi tẹ approve, Àkànó, kí wọ́n tó mú iná lọ.