Ìwé Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ sún díẹ̀ kí n ráyè jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹnu mi kì í sinmi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ ń gbé àpótí yín sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ bàbá oníkòkó tó kú ní Òdòdè lẹ fẹ́ gbọ́, mo mọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan o. Ìdànrè yìí, bí èèyàn bá sín ní Òdòdè, wọn á ti kí i pẹ̀lẹ́ ní Aládé kó tó nu imú rẹ̀ tán.

Bàbá yìí, akọ̀wé tó ń wọn kòkó ni nígbà tí Cocoa Board ṣì wà. Ẹ ò rí bó ṣe máa ń buwọ́ lu risíìtì! Báírò á yí po lẹ́ẹ̀mẹta, á fa ìrù gígùn lọ sí etí ìwé, á tún padà wá fi àmì sí i lórí. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dúró de owó wọn á máa pòṣé. Nígbà tí ìjọba tú Cocoa Board ká ní 1986, ó fi báírò sápò, ó mú àdá, ó kọrí sóko. Oko mẹ́ta ló gbìn, ó sì kọ́ ilé alájà kan tó ń gba owó háyà lórí rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́, ọmọ méje ló bí: ìyálé bí mẹ́rin, ìyàwó kejì bí ẹyọ ọmọbìnrin kan, ìyàwó kékeré bí méjì. Ẹ má gbàgbé iye yẹn o, mo ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí kòkó ò lówó lórí, ta ló mọ ọ̀nà oko? Bí àwọn ọmọ bá ti Èkó àti Àbújá dé lọ́dún Kérésì, àtẹ̀gùn 667 tó wà lára Òkè Ìdànrè ni wọ́n máa ń sáré lọ gùn. Wọn á ya fọ́tò níwájú ààfin àtijọ́, wọn á ya òmíràn níwájú kóòtù àtijọ́ tó wà lókè níbẹ̀, wọn á wá máa tiro sọ̀ kalẹ̀. Bàbá á ní, "Ẹ wá kí n fi ààlà oko hàn yín." Wọn á ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Àfi ìgbà tó di 2024 tí owó kòkó lọ́jà àgbáyé fò kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Áà! Ọmọ tí kò mọ ewé kòkó yàtọ̀ sí ewé obì wá ń pe bàbá láàárọ̀ lálẹ́: "Dádì, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Fóònù bàbá kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èmi sì sábà máa ń fọ aṣọ lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń tẹ́tí o. Ibẹ̀ ni omi ẹ̀rọ wà.

Àárín ìkíni yẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá. Nínú gbogbo àwọn tó ń bi í bó ṣe sùn, ìyàwó kékeré nìkan ló mọ bó ṣe sùn lóòótọ́, torí òun ló ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Ó ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù kí bàbá tó dákẹ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ìrẹsì tí wọ́n sè níbi ìsìnkú, torí mo ti jẹ ẹ́. Ẹran orí rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹjọ, mọ̀lẹ́bí péjọ sí pálọ̀. Àbúrò bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wúkọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ìyàwó kékeré wọ yàrá lọ, tó mú ìwé kan jáde nínú ọ̀rá dúdú. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí bàbá ló wà. Ìwé ìhágún ni, wọ́n fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, ó ń dán. Ilé alájà àti oko tó pẹ́ jù, ti ìyàwó kékeré. Oko méjì tó kù, kí àwọn ọmọ pín in. Nísàlẹ̀, dípò ìbuwọ́lù onírù yẹn, ìka kan ṣoṣo ni, tí wọ́n fi yíǹkì búlúù tẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì sì buwọ́ lù ú: ìyàwó kékeré fúnra rẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akérò.

Ariwo wo lẹ fẹ́ gbọ́? Ìyálé já gèlè sọ nù. Àkọ́bí ní òun á lọ so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹni tó bá láyà wọ ibẹ̀ wá. Àbúrò bàbá ní ìwé kan ò lè sọ̀rọ̀ níwájú òun, ọmọ ìyá òun ló kú, òun ló yẹ kó jogún rẹ̀, àti pé obìnrin ò tiẹ̀ yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ oko. Ọmọ ìyàwó kejì, tíṣà ni, kò fọhùn. Ó gba ìwé náà bí ẹni fẹ́ kà á, ó ya á ní fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, ó dá a padà, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó lọ sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Àkúrẹ́. "Tíṣà, ibo là ń lọ?" Ó ní òun ń lọ rí dókítà. Irọ́! Ta ló ń kó fáìlì méjì lọ rí dókítà?

Ọ̀dọ̀ lọ́yà ló lọ. Mo mọ̀, torí nígbà tó tún fẹ́ lọ, ó mú ìyálé dání, ìyálé sì ní èmi ni kí n bá òun gbé báàgì. Obìnrin ni lọ́yà náà. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so màrìwò kankan. Ohun tí òun máa fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Probate ti Kóòtù Gíga ní Àkúrẹ́ ń jẹ́ caveat. Ààlè ìjọba ni: tó bá ti wà níbẹ̀, kóòtù ò ní fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ lórí ogún náà láìgbọ́ tẹnu ẹni tó fi í síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, èèyàn sì gbọ́dọ̀ lọ tún un ṣe kó tó tán. Ìyálé bi í bóyá kò ní nílò ìkarahun ìgbín kan láti fi tì í lẹ́yìn. Lọ́yà ní, "Rárá, Màmá, owó fọ́ọ̀mù nìkan." Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà, Legal Aid Council tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́, FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, sì wà. Èmi ni mo béèrè. Ẹ má bi mí nítorí kí ni.

Ó wá gbé fọ́tò ìwé yẹn sójú. Ó ní ẹni tó bá gbé ìwé ìhágún jáde ló máa kọ́kọ́ fi hàn pé olóògbé ló ṣe é, pé ọpọlọ rẹ̀ pé nígbà náà, pé wọ́n sì ṣe é bí òfin ṣe wí. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1951 nínú ẹjọ́ Johnson àti Maja. Mo ti rò pé orí ìka yẹn ni yóò ti pariwo, mo sì ti ń rọ́ ìtàn ìbuwọ́lù onírù fún un. Ó ní ìka kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́ lè tẹ̀ka. Ohun tí adájọ́ máa bi wọ́n ni pé ta ló ka ìwé náà sí bàbá létí, ṣé ó yé e, ṣé ẹlẹ́rìí méjèèjì sì wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ó wo ìsàlẹ̀ ìwé. "Ta ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ yìí?" A ní ìyàwó kékeré ni. "Ìyàwó kékeré tí wọ́n fún nílé?" Òun náà ni. Lọ́yà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí akọ̀wé rẹ̀ fi yọjú wò wá.

Àṣé ẹlẹ́rìí kì í jẹ nínú ìwé ìhágún tó bá buwọ́ lù! Ohun tí wọ́n fún un níbẹ̀ ti dòfo. Bó bá sì jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó ẹlẹ́rìí ni wọ́n fún, ó dòfo bákan náà. Ìwé lè dúró o, ẹ̀bùn tirẹ̀ nìkan ni kò ní dúró. Ká ní ó pe àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ ò kàn ni, bóyá à bá máa sọ ìtàn mìíràn lónìí. Èmi tí mo wà lẹ́bàá fèrèsé, ṣé kò lè pè mí ni? Ǹ bá buwọ́ lù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun pé màá sọ ọ́ síta.

Ìyálé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó nínú ọ́fíìsì. Lọ́yà ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Tí ilé àti oko yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ pín in?" Ijó dá.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn tó dùn mọ́ mi jù. Ọkùnrin kan wà ní Èkó, Suberu Dawodu, tó kú ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, ọ̀nà mẹ́rin, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Àwọn kan ní orí-ò-jorí ni, ọ̀nà mẹ́sàn-án, ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Adájọ́ Jibowu ní orí-ò-jorí ló bá ayé ìsinsìnyí mu. Ní 1958, Kóòtù Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní rárá, ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹ rò pé ó tán? Wọ́n gbé e dé Privy Council. Nàìjíríà ti gba òmìnira fún ọdún méjì o, a ṣì ń gbé ogún bàbá wa lọ bá òyìnbó! Ní 1962, ọdún méjìlélógún lẹ́yìn tí bàbá kú, àwọn adájọ́ jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ahọ́n òyìnbó pe ìdí-igi, wọ́n ní òun ló dúró, àmọ́ tí ìjà bá wà lórí ìpín, olórí ẹbí lè ní kó jẹ́ orí-ò-jorí. Dawodu àti Danmole ni wọ́n ń pe ẹjọ́ náà.

Lọ́yà mú báírò, ó ṣírò ti wa. Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, àwọn ọmọ ìyálé á kó ìdá mẹ́rin nínú méje, tíṣà á mú ìdá kan péré. Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́ta ni, tíṣà nìkan á sì dá gbé odindi ọ̀nà kan. Ìyálé tó ti ń ké "àṣà wa, àṣà wa" láti ọjọ́ kẹjọ, ojú ẹsẹ̀ ló di ọ̀làjú: gbogbo ọmọ dọ́gba lójú Ọlọ́run. Tíṣà tó gba dìgírì, òun ló tẹrí ba tó ní kò yẹ ká gbàgbé àṣà àwọn bàbá wa. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi dé Ìdànrè. Èmi ni mo jókòó sáàárín.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, tíṣà ti wà ní yàrá ìyàwó kékeré. Ìyàwó kékeré náà mọ ìṣirò: ọmọ méjì ló bí, ọ̀nà kan nínú mẹ́ta sì ju méjì nínú méje lọ. Àwọn tó ń pe ara wọn lólè lọ́sẹ̀ tó kọjá ti ń jẹ iyán nínú abọ́ kan.

Ìyàwó kékeré ò kúkú ní ibòmíràn tó lè gbà. Òun náà ti lọ mú lọ́yà, tirẹ̀ sì ti sọ fún un pé Kóòtù Gíga Jù Lọ ti là á mọ́lẹ̀ ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, pé opó ò jogún ọkọ rẹ̀ nínú àṣà Yorùbá, àwọn ọmọ ló ń jogún. Ìyàwó tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tirẹ̀ yàtọ̀. Ìyàwó àṣà ni èyí. Òfin yẹn ò dùn mọ́ mi nínú, mo sì sọ fún lọ́yà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yí ọkùnrin padà lóru fún gbogbo oṣù yẹn, kó wá máa dúró de ìgbà tí ọmọ bá rántí rẹ̀? Ìwé rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n mo rí ìdí tó fi ṣe é.

Ti àbúrò bàbá ò gùn. Lọ́yà ní níwọ̀n ìgbà tí òkú bí ọmọ, àbúrò òkú ò ní ìpín níbẹ̀. Ní ti obìnrin tí kò gbọdọ̀ jogún, wọ́n ní kó lọ ka ẹjọ́ Ukeje ti 2014, níbi tí Kóòtù Gíga Jù Lọ ti sọ pé àṣà Ígbò tó ń yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún tako òfin ilẹ̀ wa. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ta ló máa wá san owó mọ́tò òun.

Ẹjọ́ ti wà níwájú adájọ́, wọ́n sì lè jà á títí ọmọ ọmọ á fi bá a lọ. Kòkó ló là wọ́n. Ó pọ́n lórí igi, oníkálukú ń dènà de ẹnìkejì lẹ́nu ọ̀nà oko, ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́. Lọ́yà méjèèjì bá kó wọn jọ. Àkọ́bí ni olórí ẹbí báyìí, ì bá fẹ́ fi àṣẹ gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kóòtù máa wò ó bóyá kò ṣe ojúsàájú. Ibi tí wọ́n já a sí ni pé oko mẹ́ta, ìdí mẹ́ta, kí wọ́n pín in ní ìdí-igi. Owó háyà ilé, orí-ò-jorí, ọ̀nà méje. Ìyàwó kékeré á máa gbé yàrá rẹ̀ títí ayé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba háyà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì jọ̀wọ́ ìwé abẹ́ ìrọ̀rí. Gbogbo wọn buwọ́ lù ú, adájọ́ sì sọ ọ́ di ìdájọ́ kóòtù. Ẹni tó bá yí i padà báyìí, kóòtù ló ń bá fà á.

Àkọ́bí náà ti lọ ṣe ìwé tirẹ̀ ní Àkúrẹ́. Lọ́yà lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpò ìwé, ó gbé e fún ọ́fíìsì Probate kí wọ́n bá a tọ́jú rẹ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì ti wá bá mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ṣé mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni mo mọ̀: méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà ni, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó ní ìpín níbẹ̀.