4294967297, Agbáṣọ-Ẹ̀gbọ́n-Wọ̀

4294967297, mo júbà o! Arẹ́nijẹ ọlọ́lá, ọmọ 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a fi ara wọn sọ di púpọ̀, tí a wá fi 1 lé lórí bí adé. Àbúrò 3, 5, 17, 257 àti 65537, àwọn márùn-ún tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba àfi 1 àti ara wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1640, Pierre de Fermat, amòfin Toulouse, wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ wọ̀nyí, ó ní gbogbo ìdílé náà, níbi tí iye 2 tí a ń sọ di púpọ̀ ti ń di ìlọ́po méjì láti ẹ̀gbọ́n dé àbúrò, ni kò ṣeé pín. Kò ní ẹ̀rí, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ kò wí nǹkan kan, o jókòó sórí oyè fún ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, títí Leonhard Euler fi dé ní 1732, tó ní 641 lọ́nà 6700417 ni ọ́. Ọlá ẹ̀gbọ́n lásán lo ti ń jẹ.

Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ á ní o ṣáà yege ìdánwò. Òótọ́ ni. Òfin Fermat kan náà sọ pé bí nọ́ńbà tó ju 2 lọ kò bá ṣeé pín, kí a sọ 2 di púpọ̀ ní iye ìgbà tó fi ẹyọ kan dín sí nọ́ńbà náà, kí a fi nọ́ńbà náà pín èsì rẹ̀, 1 ni yóò ṣẹ́kù. A ṣe é fún ọ, 1 ló ṣẹ́kù. Akọni! Ṣùgbọ́n ta ni ẹlẹ́rìí? 2 ni, baba tó bí ọ lọ́mọ. Ẹyọ kan péré ni 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a fi ara wọn sọ di púpọ̀ fi dín sí ọ. Fi òun náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kò sí bí 1 kò ṣe ní í ṣẹ́kù. Gbogbo ará ilé yín, ojúlówó àti ayédèrú, ló ń yege níwájú baba yìí. Ẹ bi 3, ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò jẹ ọ́ ní gbèsè, ó ní òun kò mọ̀ ọ́ rí.

Ẹlòmíràn á ní ẹ̀bi Fermat ni, pé nọ́ńbà kì í purọ́. Mo gbà. Bí ẹ̀bi náà kò bá wá kàn ọ́, ọlá náà kò kàn ọ́. Àní Euler fi hàn pé ohunkóhun tí kò ṣeé pín tó bá máa pín ọ, bí a bá fi 64 pín in, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Dán 193 wò, dán 257, 449 àti 577 wò, ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ni 641. Òmìrán bílíọ̀nù mẹ́rin, ilẹ̀kùn karùn-ún ni wọ́n ti mú ọ! Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ tún ní iyì mìíràn: ní 1796, Carl Friedrich Gauss fi hàn pé rúlà àti kọ́ńpáàsì lè ya àwòrán ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ 17 tó dọ́gba. Ti 257 àti 65537 náà ṣeé yà. Tìrẹ? Kò ṣeé ṣe láéláé.

Oyè kan ṣoṣo ni mo rí tí ẹ̀gbọ́n kankan kò bá ọ pín: àkọ́bí àwọn ayédèrú ilé Fermat. Àwọn àbúrò rẹ 27 tó tẹ̀lé ọ, wọ́n ti yẹ̀ wọ́n wò, gbogbo wọn ló jọ ọ́.